Erin Amboseli

Ìbéèrè: Èmi àti ọkọ mi ń lọ lo ìsinmi ní Kẹ́ńyà. Ọgbà ẹranko wo ni ẹ rò pé a ò ní gbàgbé láéláé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Amboseli ni kí ẹ lọ. Láti ọdún 1972 ni Cynthia Moss, onímọ̀ nípa erin, ti ń ṣèwádìí àwọn erin ibẹ̀, tó ń fún wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà ló máa ń ṣíwájú ẹbí erin kọ̀ọ̀kan.

Omi ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, eruku ni gbogbo ilẹ̀, síbẹ̀ àbàtà tútù yọ̀yọ̀ wà láàárín rẹ̀, erin á sì wọ̀ ọ́ dé ikùn. Láti òkè Kilimanjaro ni omi náà ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá. Ẹ ó rí lékeléke lẹ́yìn erin, tó ń ṣa kòkòrò tí ẹsẹ̀ wọn lé jáde.

Tansaníà ni òkè náà wà, ó ga ní mítà 5,895, àmọ́ ẹ ó rí i láti Amboseli kedere. Ẹ tètè jí o! Bí oòrùn bá ti ń mú, ìkùukùu sábà máa ń bò ó. Ẹ má sì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àfi níbi tí wọ́n bá ti gbà yín láyè.