Ìyẹ́ Kì Í Dúró Lára Ìwọ̀ Mi

ÌBÉÈRÈ: Ìpakodò ni mo ń gbé. Ẹnì kan fi ọ̀pá ìwọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí wọ́n fi ń ju ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́. Àwọn ìwọ̀ tó bá a wá ti tán, mo wá ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti òwú télọ̀ di tèmi. Kí n tó jù ú sínú ọ̀sà nígbà mẹ́wàá, ìyẹ́ á ti yí sábẹ́. Bí ẹja kúta bá sì gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, ó di ìwọ̀ lásán. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìrìn odò. Má bínú sí ìyẹ́. Òwú ló jẹ̀bi. Ó jọ pé orí irin lásán lo ti ń di ìyẹ́ mọ́ ọn, irin sì ń yọ̀. Kọ́kọ́ fi òwú wé ìwọ̀ náà láti ẹ̀yìn ojú rẹ̀ títí dé ibi tó ti fẹ́ tẹ̀, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan fara ti èkejì, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi òwú kó irun. Fà á le títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó já. Yóò já mọ́ ọ lọ́wọ́ lóòótọ́, ibẹ̀ lọwọ́ rẹ yóò ti mọ ìwọ̀n. Nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Aelian sọ̀rọ̀ nípa àwọn apẹja Makedóníà tí wọ́n ń fi irun àgùntàn pupa wé ìwọ̀ kí wọ́n tó fi ìyẹ́ àkùkọ méjì lé e. Ìwọ náà rí i pé ìyẹ́ kọ́ ló ṣáájú.

Bí o kò bá ní fáìsì tí wọ́n fi ń gbá ìwọ̀ mú, fi páyà gbá a mú, kí o fi rọ́bà de ọwọ́ páyà náà pọ̀.

Eṣinṣin ni òyìnbó ń pe ìwọ̀ yìí, orúkọ yẹn sì máa ń ṣini lọ́nà. Kúta kì í wá eṣinṣin, ẹja wẹ́wẹ́ ló ń lé. Lefty Kreh, ará Amẹ́ríkà, ti di èyí tó jọ ẹja láti nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1950: ìyẹ́ gígùn nídìí, irun ìrù àgbọ̀nrín níwájú. Àwòrán ìwọ̀ náà wà lára sítáǹbù Amẹ́ríkà ní 1991. Dípò irun àgbọ̀nrín, ìwọ wá irun ewúrẹ́ funfun, tàbí atáṣìmẹ́ǹtì funfun lọ́dọ̀ àwọn onídìrí. Èmi fẹ́ràn atáṣìmẹ́ǹtì jù, kì í mu omi. Kó má ju ìwọ̀n igi ìṣáná kan lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń dì í bí ìgbálẹ̀!

Má di nǹkankan dé ojú ìwọ̀. Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o tẹ́ okùn òwú náà sórí rẹ̀ bí ojóbó, wé òwú lé e nígbà márùn-ún, kí o wá fa ìdí rẹ̀ wọlé. Fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó sùn mọ́jú.

So wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìwọ̀ àti okùn tángọ́ọ̀sì o, torí eyín kúta. Ojú lẹja fi ń rí irú ìwọ̀ yìí; ẹ̀ẹ̀rùn ló bá a mu, nígbà tí omi ọ̀sà bá mọ́ tó sì níyọ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, tí odò Ògùn ń gbé ẹrẹ̀ wá, fi ekòló dẹ ọ̀bọ̀kún, kí o máa di èyí tí o máa lò lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀.