Ọmọ JSS Tó Fẹ́ Sin Ìlú, Close Rẹ Ni Kó O Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ wà ní JSS 1 títí dé JSS 3, láti Mile 2 dé Agboju, láti Kirikiri dé Satellite Town, bí ọlidé bá ti ń sún mọ́lé, ẹ̀yin kan máa ń béèrè lọ́wọ́ àwa àgbà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo la ti lè rí iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ṣe? Gbogbo ibi tá a dé, wọ́n ní a ṣì kéré." Ìbéèrè ọmọlúàbí ni, ó sì yẹ ká dá yín lóhùn dáadáa.

Àwọn tó ní ẹ kéré ò kórìíra yín. Lójú òfin, ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ láti ọdún 2007. Ẹni tó bá gba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́, òun ni wọ́n máa bi bí ohunkóhun bá ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú fi ń sọ pé kí àwọn tó ti dàgbà nìkan wá. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ tó wọ kèrègbè ni kẹ́ ẹ wá. Ó wà nítòsí yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Bẹ́ ẹ bá béèrè fún un pẹ̀lú ìwà, wọ́n á gbà yín. Bẹ́ ẹ bá sì ń wá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá, wọn ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ lọ mọ́.

Ẹ wo ìlú Festac tá à ń gbé yìí ná. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ láti fi gba àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní, tó sì parí lọ́jọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Olórin, oníjó, òǹkọ̀wé àti ayàwòrán láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 ló wá. Nígbà tí àlejò tú ká, wọ́n pín ilé fún ará ìlú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde ló gba kọ́kọ́rọ́. Bí Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó, Ìjọ́ àti Ẹ̀fíìkì ṣe di ará búlọ́ọ̀kù kan náà nìyẹn. Ní abúlé àwọn bàbá wa, agboolé ló ń kó ènìyàn pọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ oko bá pọ̀ fún á bẹ ọ̀wẹ̀, á sì wá oúnjẹ fún àwọn tó wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ á máa ṣe àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Ọmọdé á máa bu omi fún wọn, ojú rẹ̀ á sì ti ibẹ̀ mọ iṣẹ́. Festac ò ní agboolé, àmọ́ ó ní Close, ìyẹn òpópónà kékeré tí kò já síta. Close ní géètì, ó ní alága, ó ní ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé tó ń ṣe ìpàdé. Ibẹ̀ ni kí ojú yín kọ́kọ́ wò.

Kí ni ẹ máa rí níbẹ̀? Ẹ máa rí ọmọ kékeré kan tó ti dé Primary 3 tí kò lè ka ojú ìwé kan já. Ìyá rẹ̀ ń tajà ní Agboju, ilẹ̀ ti máa ń ṣú kó tó délé. Ẹ lè kọ́ ọmọ náà níwèé. Ẹ má mú pàṣán dání o, ẹ má sì jókòó síwájú rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Ẹ jókòó tì í, kí ìwé wà láàárín yín, kó máa fi ìka rẹ̀ tọ ọ̀rọ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé orí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kó gbìyànjú. Bí kò bá rí i pè, ẹ pè é fún un, kẹ́ ẹ tún jọ ka gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá di ogójì ìṣẹ́jú, ẹ dá a dúró kó lọ ṣeré, kó lè wù ú láti padà wá. Bẹ́ ẹ bá fi ìwé Yorùbá kún un, ẹ̀yin náà á jèrè, nítorí àmì ohùn tẹ́ ẹ sá fún ní kíláàsì, ọmọ yẹn máa bi yín ní ìdí rẹ̀.

Ẹ tún máa rí ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní London, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù pe ènìyàn kí wọ́n máa rí ojú ara wọn. Ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ má gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí ìka tiwọn tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi mọ́ wọn lára. Bó bá kan nọ́ńbà àṣírí káàdì báǹkì, ẹ yára sọ pé, "Ẹ má sọ ọ́ fún mi o mà, ẹ dúró de àwọn ọmọ yín." Ìyá náà á mọ̀ pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ló wá sọ́dọ̀ òun.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ike náà ńkọ́? Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, títí dé oṣù keje tó máa ń rọ̀ kíkankíkan, ike omi àti ọ̀rá piọ wọ́tà ló máa ń dí ojú gọ́tà Close. Oṣù kejì ló yẹ kẹ́ ẹ ti máa ṣa ike kúrò nílẹ̀, kí òjò tó gbá a wọ gọ́tà. Ike kì í tún ṣe ìdọ̀tí lásán mọ́. Láti ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ Wecyclers ti ń gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, tó ń fi ẹ̀bùn san án. Ní Ajégúnlẹ̀ tó múlé tì wá, ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Morit International School ti gba ike lọ́wọ́ òbí dípò owó ilé ìwé. Ẹ̀yin náà lè kó ike Close yín jọ sínú àpò, kí àgbà kan bá yín tà á, kẹ́ ẹ fi owó rẹ̀ ra ìwé fún ọmọ tí kò ní. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tàbí ìgò tó fọ́. Kànáà ńlá kì í ṣe ibi tí ọmọdé ń wọ̀, kódà bí bọ́ọ̀lù yín bá bọ́ sínú rẹ̀.

Bí ọwọ́ yín bá ti mọ́ iṣẹ́ Close, ẹ wo ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba ọmọ ọjọ́ orí yín ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Boys' Brigade dé Nàìjíríà lọ́dún 1908, Scout dé lọ́dún 1915, Girl Guides dé lọ́dún 1919. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ nílùú Èkó lọ́dún 1954. Òfin sì fi ìdí Red Cross tiwa múlẹ̀ lọ́dún 1960. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, náà ní ẹgbẹ́ tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ààbò lójú títì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín èwo ló wà nílé ìwé yín. Bí kò bá sí ìkankan, kí ẹ̀yin mélòó kan lọ bá igbá kejì ọ̀gá ilé ìwé pé ẹ fẹ́ kí ọ̀kan wà.

Ẹ má ka irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ti yúnífọ́ọ̀mù àti yíyan nìkan. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ ń gba ẹ̀mí là. Ẹ wo ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Àwọn tó yí i ká á máa pariwo pé, "Gbé orí sókè!" Ẹnì kan á ti sáré lọ bu omi tútù. Ọmọ Red Cross mọ̀ pé bó bá gbé orí sókè, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn lọ sí ọ̀fun rẹ̀ ni. Á ní kó jókòó, kó tẹ orí síwájú díẹ̀, kó fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ ní imú rẹ̀ pọ̀, kó máa fi ẹnu mí. Á wo aago fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, kò ní jẹ́ kó máa tú u wò. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dá lẹ́yìn náà, á pe olùkọ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe èyí láìsí wàhálà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti pé ọdún 14, ẹ wádìí nípa ètò àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní International Award. Láti ọdún 14 sí 24 ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè rẹ̀ àkọ́kọ́, wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni yóò máa fi sin ìlú fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ wò ó, wákàtí kan péré ni! Ohun tó ṣòro ni kéèyàn máa wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ bí ara bá ń ro ó tàbí tí bọ́ọ̀lù bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tó wá lẹ́ẹ̀kan tó ya fọ́tò, a ò mọ̀ ọ́n mọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Èyí tó wá ní gbogbo Sátidé títí táàmù fi parí, òun ni alága Close máa rántí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa fún ní ìwé ẹ̀rí.

Báwo lẹ ṣe máa béèrè? Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Ẹ má lọ ní ogún, ẹ má sì dá lọ. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ọmọ búlọ́ọ̀kù kẹrin ni mí, JSS 2 ni mo wà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà lọ́jọ́ Sátidé, láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, títí táàmù yìí á fi parí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wá ibi ìjókòó ní gbangba, kí àgbà kan sì máa wà níbẹ̀." Alága á bi yín pé, "Ta ló rán yín wá?" Ẹ fèsì pé, "Kò sẹ́ni tó rán wa wá sà, àwa la rò ó, àwọn òbí wa sì mọ̀ sí i. Nọ́ńbà wọn ló wà nínú lẹ́tà yìí." Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, kí òbí kọ̀ọ̀kan sì ti bu ọwọ́ lù ú. Bí alága bá ní kẹ́ ẹ lọ ná, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó wá ku ìkìlọ̀, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá ran òun lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má sọ fún ìyá yín, ẹ sá fún un, ì báà jẹ́ olùkọ́, ì báà jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ má wọ yàrá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ má gbé àpótí owó kiri inú dánfó. Ẹni tó bá ń fi ọmọdé ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó gba lébìrà fún, tó ń pè é ní iṣẹ́ sísìn, ẹ fi ọgbọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn Mile 2 niṣẹ́ wà, orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má sọdá lójú títì, ẹ má gun ọ̀kadà.

Èyí tó ga jù ni ti iná. A ò ní gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìbúgbàù ba Abule Ado jẹ́, tó sì wó Bethlehem Girls College. Ọ̀gá ilé ìwé náà, Sister Henrietta Alokha, ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde nínú ewu, òun fúnra rẹ̀ sì bá a lọ. Iṣẹ́ àgbà ló ṣe, ó ṣe é dé ojú ikú. Tọmọdé yàtọ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá gbóòórùn gáàsì, tàbí tí táńkà epo bá ṣubú, ẹ má lọ wòran, ẹ má gbé fóònù síta láti ya fídíò. Ẹ sá jìnnà ná, kẹ́ ẹ wá pe 112 tàbí 767. Ọmọ tó pe nọ́ńbà yẹn lásìkò ti ran ìlú lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé ìwé lẹ fẹ́ kí ọmọ kà. Nígbà tí Tai Solarin dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń roko, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń kàwé yege. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ò ní gba ipò kìíní lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ rí i pé ẹ mọ ibi tó wà, kẹ́ ẹ mọ àgbà tó wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ wá béèrè ohun tó rí níbẹ̀ bó bá délé. Ọmọ tó sì ń bá yín tajà ní Sátidé, ẹ fún òun náà ní wákàtí kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má dúró de ẹgbẹ́ ńlá. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ rìn yí Close yín ká, kẹ́ ẹ kọ ohun mẹ́ta tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ sínú ìwé. Ẹ mú ọ̀kan tí ọwọ́ yín ká, kẹ́ ẹ fi han òbí yín, kẹ́ ẹ sì jọ lọ rí alága. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó gbó, ẹ ó rí ẹni ràn yín lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.