Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Níbo ni ká ti pín ohùn?

Ète ẹ̀kọ́: Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó lè lo "bí … bá …" láti ṣàlàyé ìdí tí a fi yan nǹkan kan tí a kò fi yan òmíràn.

Ọ̀rọ̀ tuntun

sípíkà: ẹ̀rọ tí ohùn ń gbà jáde
bébà sípíkà: apá fífẹ̀ tó ń gbọ̀n láti mú ohùn ńlá jáde
họ́ọ̀nù: ihò tó rí bí ìwo, tí ohùn tín-ín-rín ń gbà jáde
awọ họ́ọ̀nù: nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n ní ìdí họ́ọ̀nù, bí awọ ìlù
crossover: ẹ̀yà tó ń pín ohùn, ohùn ńlá fún bébà, ohùn tín-ín-rín fún họ́ọ̀nù
Hz: iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan

Kíkà

Ní àárín ìlú Woolwich, sinimá ńlá méjì, Odeon àti Granada, ni wọ́n ṣí ní 1937. Ilé ìjọsìn ni àwọn méjèèjì lónìí, a sì ń gbọ́ Yorùbá ní àyíká wọn títí dé ọjà Beresford Square. Láyé irú sinimá bẹ́ẹ̀ ló ti di àṣà pé kí sípíkà kan má dá gbé gbogbo ohùn: bébà ńlá á gbé tirẹ̀, họ́ọ̀nù á gbé tirẹ̀.

Ní 1947, ilé-iṣẹ́ Tannoy, tí Guy Fountain dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1926, gbé Dual Concentric jáde. Nínú sípíkà yìí, họ́ọ̀nù gba àárín bébà kọjá, ohùn méjèèjì sì ń ti ojú kan náà jáde.

Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì

*Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tún sípíkà ṣe ní Woolwich. Tannoy àtijọ́ kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 38 sẹ̀ǹtímítà, wà lórí tábìlì.*

Àbúrò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n: Òo. Báwo ni ilé-ìwé? Wá wo nǹkan yìí. Crossover rẹ̀ ti jóná, mo fẹ́ ṣe tuntun.

Àbúrò: Níbo lẹ fẹ́ pín ohùn sí? Ẹ jẹ́ ká fi í sí 500 Hz, kí họ́ọ̀nù lè gbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

Ẹ̀gbọ́n: Rárá o. Bí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti 1000 sí 500, tí a sì fẹ́ kó dún bákan náà, awọ họ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ rìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó lè ya, awọ àtijọ́ kò sì rọrùn láti rí rà.

Àbúrò: Ẹ jẹ́ ká gbé e sókè sí 2000 nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n: Ìyẹn náà ní ìṣòro tiẹ̀. Ní 1000 Hz, ìgbì ohùn kan gùn tó nǹkan bí 34 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fífẹ̀ bébà. Ní 2000, ó ti di 17. Bí ìgbì bá kéré sí bébà tó báyìí, iwájú nìkan ni ohùn máa ń dojú kọ. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ò ní gbọ́ dáadáa.

Àbúrò: Kí wá ni ká ṣe?

Ẹ̀gbọ́n: Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nǹkan bí 1000 Hz ni Tannoy yàn, nítorí bébà fúnra rẹ̀ ló parí ẹnu họ́ọ̀nù. Bébà Altec 604-8G ti Amẹ́ríkà tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n họ́ọ̀nù kékeré ló wà níwájú tirẹ̀: 1500 Hz ni wọ́n yàn. Má fi iye ti ọ̀kan ṣe òmíràn.

Àbúrò: Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa?

Ẹ̀gbọ́n: Ìwọ ló máa bá mi dán an wò. Pe "igba, igbá, ìgbà". Lẹ́yìn náà, pe "Ó sẹ́" àti "Ó ṣẹ́".

Àlàyé

Ohùn ọ̀fun tó ya *igba* sọ́tọ̀ sí *igbá* wà nísàlẹ̀ 1000 Hz dáadáa. Bébà ló ń gbé e. Ohun tó ya *s* sọ́tọ̀ sí *ṣ* wà lókè 2000 Hz. Họ́ọ̀nù ló ń gbé e. Nítorí náà, bí a bá ń sọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ń kọjá ẹnu ààlà náà lemọ́lemọ́. Bí họ́ọ̀nù bá ya, a ó ṣì gbọ́ ohùn olùsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a lè má mọ̀ bóyá ó ní ẹnì kan *sẹ́* ni, tàbí nǹkan kan ló *ṣẹ́*.

Gírámà

"Bá" máa ń tẹ̀lé olùwà: *Bí ìgbì bá kéré, ohùn á dojú kọ iwájú.* Nínú ìyísódì, "kò" ló ń ṣáájú "bá": *Bí a kò bá yan iye tó yẹ, awọ lè ya.*

Ìdánrawò

1. Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n kò gba 500 Hz? Kí ló dé tí kò gba 2000 Hz?
2. Ẹ parí gbólóhùn yìí: *Bí họ́ọ̀nù bá kéré, …*
3. Ẹ ṣe é ní méjì-méjì. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì, kó pe *igba, igbá, ìgbà, sẹ́, ṣẹ́*. Kí ẹnì kejì kọ èyí tó gbọ́. Èwo ló ṣòro jù láti mọ̀: àmì ohùn ni, tàbí *s* àti *ṣ*? Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.