Ọkọ̀ Dísù Tí Kì í Fà Mọ́ Bó Bá Dé Márosẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Máńgòrò ni mò ń tà. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti ń kó o lọ sí ọjà Máìlì 12 l'Ékòó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí mo rà ní tokunbọ̀. Dísù ló ń mu, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.5, ó sì ní tọ́bò. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọmọ yìí ti ń sọ pé bí òun bá ti kọjá Ìbàdàn, tí òun bọ́ sí márosẹ̀, ọkọ̀ kì í fà mọ́. Á tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ eré á já láti 100 sí 60, iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó pa á, tó sinmi díẹ̀, ọkọ̀ á tún sáré bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò sí èéfín kankan, àti pé bí epo bá ti lọ sílẹ̀ nínú táǹkì ló máa ń yá ṣe é.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ gbé e yí ìlú po, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Èkejì ní pọ́ǹpù àti nọ́sù ló ti kú, owó tó sì pè bà mí lẹ́rù. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ńṣe ni ọmọ yìí ń yà síbì kan, tó wá ń fi ọkọ̀ ṣe àwáwí, torí ẹrù ń pẹ́ dé ọjà, máńgòrò sì ń rà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ojútùú rẹ̀. (Ìyá Ẹlẹ́máńgòrò, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú làálàá ọjà o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọmọ yín, torí òun ló jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yín. Kò parọ́. Gbogbo ohun tó sọ ló bára mu, ó sì bára mu lọ́nà tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kò lè hun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe àwáwí á ní ó gbóná, tàbí kó ní ó kọ̀, kò ṣíná. Kò ní rántí sọ pé bí epo bá ń lọ sílẹ̀ ló ń yá ṣe é, àti pé bí òun bá pa á tí òun sinmi, á padà bọ̀ sípò. Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe ọkọ̀ dísù bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: epo kì í dé ẹnu ẹ́ńjìnnì tó nígbà tó nílò rẹ̀ jù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ náà, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ ìtùnú.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ náà kò parọ́. Ibi tí àìsàn kò sí ló ti ń wá a. Ẹni tí kò lè mí dáadáa, bó bá jókòó sábẹ́ igi, ara rẹ̀ á dà bíi ti gbogbo ayé. Ẹ di ẹrù iṣu rù ú, ẹ ní kó gun òkè, ẹ ó rí ohun tó ń ṣe é. Lójú márosẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń là kọjá ni òkè yẹn. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, bóyá láti 50 sí 100, ìdènà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ ná láti fi borí afẹ́fẹ́ yẹn á di ìlọ́po mẹ́jọ. Inú dísù ni gbogbo agbára yẹn ti ń wá. Fíltà dísù tó ti dí dé ìdajì lè jẹ́ kí epo tó tó ìrìn ìgboro kọjá, kí ọkọ̀ máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní Tákíẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Bó bá dé márosẹ̀ tòun ti ẹrù máńgòrò lẹ́yìn, ohun tó ń gba fíltà kọjá kò ní tó mọ́. Nítorí náà, àyẹ̀wò ìgboro kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí láéláé. Ojú márosẹ̀ ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú ẹrù.

Ohun tó jẹ́ kí n tọ́ka sí epo, tí n kò tọ́ka sí tọ́bò, ni ọ̀rọ̀ èéfín. Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni kò tó, bóyá họ́ọ̀sì tọ́bò ló ya tàbí fíltà afẹ́fẹ́ ló dí, dísù á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó máa jó o lọ, sàléńsà á sì máa tú èéfín dúdú bí ọmọ yín bá ti tẹ tọ́tù. Kò rí èéfín. Ẹ wá fi ti epo tó ń lọ sílẹ̀ kún un. Ìsàlẹ̀ táǹkì ni omi àti ìdọ̀tí máa ń sùn sí, torí omi wúwo ju dísù lọ. Bí eré bá pọ̀, epo tí ọkọ̀ ń fà pọ̀, ìdọ̀tí á sì rọ́ lọ lẹ̀ mọ́ asẹ́ tó wà lẹ́nu páìpù inú táǹkì. Bí ó bá pa ọkọ̀, fífà dáwọ́ dúró, ìdọ̀tí á jábọ́ padà, ọ̀nà epo á là. Ìdí nìyẹn tí ìsinmi fi ń wò ó sàn fúngbà díẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó máa ń ra dísù inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. Bó bá ń rà á, ẹ má bínú sí i, ìgbà mìíràn ilé epo kì í ní. Ṣùgbọ́n kó máa bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó gbé e kalẹ̀, kó wò ó. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á yọrí nísàlẹ̀ ìgò.

Ibi tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá tún ṣe é, tó sì ti wábi páàkì, kó ṣí ìdérí táǹkì kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bó bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ariwo fìì ńlá, tí ọkọ̀ sì fà lójú ẹsẹ̀, ihò èémí táǹkì ló dí. Epo ń jáde, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé rọ́pò rẹ̀, pọ́ǹpù sì ń bá òfìfo jà. Ìdérí tuntun, tàbí fífọ ihò yẹn, ti parí rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe ìdérí, ó kan fíltà dísù. Nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ fíltà, bóòtù kan wà tí wọ́n máa ń tú kí omi ṣàn jáde. Kí wọ́n tú u sínú ike funfun kí ẹ fojú yín rí ohun tó bọ́, kí wọ́n sì fi fíltà tuntun sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé fíltà tó mọ́ lóde mọ́ nínú. Ẹ ní kí wọ́n la ti àtijọ́ sí méjì níwájú yín. Bó bá dúdú, tó ní ẹrẹ̀ tàbí ìpẹtà, a ti rí olè náà, ṣùgbọ́n ilé tó ti ń wá wà nínú táǹkì. Kí wọ́n já táǹkì sílẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n yọ asẹ́ ẹnu páìpù wò. Fíltà tuntun lórí táǹkì ìdọ̀tí kò ní pẹ́ tí yóò fi dí bíi ti àkọ́kọ́.

Kí wọ́n sì wo àwọn họ́ọ̀sì láti táǹkì dé pọ́ǹpù. Èyí ṣòro rí, torí apá ibẹ̀ yẹn, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù ń fa epo ni, kò tì í. Họ́ọ̀sì tó ya níbẹ̀ lè má jò rárá. Afẹ́fẹ́ ló máa ń wọlé. Mẹkáníìkì tó gbọ́n á fi họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara rọ́pò èyí tó wọ pọ́ǹpù fúngbà díẹ̀, á ṣíná, á sì wò ó bóyá ìfófòó ń gbabẹ̀ kọjá.

Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n á fi dísù tó mọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ dáadáa, kì í ṣe nínú ilé awakọ̀ o, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa fà láti ibẹ̀ nípasẹ̀ họ́ọ̀sì àti fíltà tuntun. Kí páìpù tó ń dá epo padà náà wọnú kẹ́ẹ̀gì yẹn. Bí ọkọ̀ bá fà dáadáa láti Ìbàdàn dé Ṣàgámù báyìí, pọ́ǹpù yín kò lẹ́bi. Táǹkì tàbí páìpù rẹ̀ ló lẹ́bi.

Ní ti iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn, ẹni tó bá fẹ́ fi síkánà pa á rẹ́ kó kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sílẹ̀. P0087 túmọ̀ sí pé pírẹ́ṣọ̀ dísù kò tó, á sì kín ohun tí mo sọ lẹ́yìn. P0299 túmọ̀ sí pé tọ́bò kò fẹ́ afẹ́fẹ́ tó. Bó bá jẹ́ òun ló jáde, a jẹ́ pé ó yẹ kí n yí ọ̀rọ̀ mi padà, kí wọ́n wo họ́ọ̀sì tọ́bò. Èyí tó dára jù ni kí ẹnì kan jókòó ti ọmọ yín lójú márosẹ̀, kó máa wo pírẹ́ṣọ̀ lórí síkánà bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Pírẹ́ṣọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí máa ń wà ní nǹkan bíi báà 300 bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, á sì gun báà 1,600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ń sáré pẹ̀lú ẹrù. Síkánà á fi iye tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń béèrè hàn àti iye tó rí gbà. Bí méjèèjì bá yà síra lákòókò tí ọkọ̀ dẹ̀yìn, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Torí pírẹ́ṣọ̀ yìí kan náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò lára páìpù nọ́sù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Epo tó ń tú jáde yẹn lè la awọ ara wọlé. Ẹni tó bá ṣe, ilé ìwòsàn ni lọ́gán, bí ojú ọgbẹ́ tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ, n kò sì rò pé àwọn ni: kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀, èyí tó máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì ké sókè láìjẹ́ pé eré pọ̀ sí i, bíréèkì tó di táyà mú, táyà á gbóná gan-an, àti asẹ́ èéfín inú sàléńsà, tó wà lára ọ̀pọ̀ tokunbọ̀ tuntun láti Yúróòpù, tó lè dí.

Títí wọn yóò fi tún un ṣe, kí ọmọ yín má ṣe fagídí lé e. Bó bá ti rí i pé ó ń dẹ̀yìn, kó tan iná ìkìlọ̀, kó yà sọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá, kó gbé sí-kọ́ọ̀ṣọ̀n sílẹ̀ jìnnà sẹ́yìn. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀ pé 60 ló ń sá. Bó bá ń súnmọ́ afárá Kara lójú márosẹ̀ yẹn, kó yà kó tó gorí rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti pọ́ǹpù àti nọ́sù. Ó lè jẹ́ lóòótọ́ pé wọ́n ti gbó, ṣùgbọ́n ìparí ni ti wọn, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Dísù náà ló ń ṣe òróró fún pọ́ǹpù. Bí ẹ bá fi tuntun sórí táǹkì tó ní omi àti ẹrẹ̀, omi kan náà á pa òun náà. Bí táǹkì, fíltà àti họ́ọ̀sì bá ti mọ́, tí pírẹ́ṣọ̀ sì ṣì ń já, kí wọ́n so ike kékeré mọ́ ẹnu ìdápadà nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tí ike rẹ̀ bá kún ju ti àwọn tó kù lọ púpọ̀ ló ti gbó, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ni ẹ máa rà. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, nọ́ńbà wà lára nọ́sù tuntun tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ bi mẹkáníìkì bóyá ó ní ohun tó máa fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó kówó lé e lọ́wọ́.