Ẹ̀kọ́ kẹrìnlá: Alágbẹ̀dẹ àti ìwé ọmọ rẹ̀

Ẹ kà á:

Alágbẹ̀dẹ kan wà ní Kétu. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ náà fẹ́ lọ kàwé sí i ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n bàbá kò tíì gbà.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ mú ìwé ìtàn kan wálé. Orúkọ ìwé náà ni L'Enfant noir. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Ọmọ dúdú". Camara Laye, ọmọ ìlú Kouroussa ní ilẹ̀ Gínì, ni ó kọ ọ́ ní èdè Faransé. Ó jáde ní ọdún 1953. Ìtàn ìgbà èwe òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀.

Bàbá béèrè pé: "Báwo ni ìtàn náà ṣe parí?"

Ọmọ dáhùn pé: "Ọmọkùnrin náà fi ilé sílẹ̀, Bàbá. Ó kọ́kọ́ lọ kàwé ní Conakry. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilẹ̀ Faransé."

Bàbá bínú. Ó ní: "Ìwé burúkú ni. Ó ń kọ́ ọmọ láti kọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Gbé e kúrò níwájú mi!"

Ọmọ kúnlẹ̀. Ó ní: "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó ń kà á, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa.

Ó ka ibi tí obìnrin kan ti gbé wúrà wá fún bàbá Laye pé kí ó fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún òun. Wọ́n da wúrà sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, wọ́n fi èédú bò ó. Àwọn ọmọṣẹ́ ń fẹ́ ẹwìrì. Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ètè bàbá nìkan ni ó ń mì.

Alágbẹ̀dẹ wa gbé owú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: "Ẹni tí ó kọ èyí ti jókòó nídìí iná rí."

Ọmọ ń kà á lọ. Bàbá Laye ń bẹ̀rù pé ọmọ òun kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ òun tó, nítorí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Faransé dé, ìyá kọ̀ jálẹ̀, ó pariwo, ó sunkún. Ṣùgbọ́n bàbá ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ ti kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ pé yóò lọ. Ó yọ̀ǹda rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní: "Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni mo rò pé ó kọ̀ sílẹ̀. Kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni, kí gbogbo ayé lè kà á. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀."

Ọmọ béèrè pé: "Bàbá, ọ̀rọ̀ Àjàṣẹ́ ńkọ́?"

Bàbá ní: "Lọ pe ìyá rẹ. Kí òun náà wá gbọ́ ìwé yìí ná."

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn

Ẹ̀bẹ̀ nìkan kọ́ ni ó yí ọkàn alágbẹ̀dẹ padà. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni. Ní àkọ́kọ́, ìparí ìtàn nìkan ni ó gbọ́, ó sì dá ẹjọ́. Àwọn àgbà ní: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yin ìwé yìí. Mongo Beti, òǹkọ̀wé ará Kamẹrúùnù, bá a wí pé kò sọ ìyà tí ìjọba òyìnbó fi jẹ àwọn ènìyàn. Ẹ lè fara mọ́ ọn, ẹ sì lè máà fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá yin ìwé tàbí tí ó bú u, ẹ bi í pé: "Ojú ewé wo ni?"

Ẹ kíyè sí àmì ohùn

Kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀: kò fi í sílẹ̀.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ó fi í sínú ìwé.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú bàbá bínú sí ìwé náà?
2. Ibo nínú ìwé ni ó mú kí ó gbé owú rẹ̀ sílẹ̀?
3. Ta ni ẹ̀yin gbè sẹ́yìn rẹ̀: ìyá Laye tàbí bàbá rẹ̀? Kí ni ìdí rẹ̀?
4. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun kan nínú iṣẹ́ àwọn òbí yín tí ẹ kò fẹ́ kí ó parẹ́.