Fáù kan, Ojú Méjì: Lẹ́tà Kéwú fún Àwọn Ọmọ Wa ní Òkè Ọya



Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ ilé-kéwú méjì ni ọ̀rọ̀ wa kàn jù lóṣù yìí. Púpọ̀ nínú wa tí a ń gbé ilẹ̀ Haúsá, ọ̀dọ̀ Málàmù àdúgbò ni ọmọ wa ń lọ láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wá sí ilé-kéwú àwa Yorùbá. Ọmọ tó ń kà geere lọ́hùn-ún, tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, á máa wò bọ̀ọ̀. Bàbá rẹ̀ á ní olódo ni, á na ọwọ́ sí pàṣán. Ọmọ náà kì í ṣe olódo o.

Lẹ́tà fáù ló fà á. Lórí wàláà Málàmù, àmì róbótó kan wà lábẹ́ fáù, ọ̀kan sì wà lórí kọ́fù. Nínú Àlùkùráánì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà, èyí tí àwa fi ń kọ́ wọn, orí ni àmì fáù wà, kọ́fù sì ní méjì lórí. Nígbà tí ọmọ bá ṣí Súrátù-l-Fálákì, tó rí fáù, tó pè é ní kọ́fù, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ yẹn.

Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ìkọ̀wé àwọn ará Magíríbù ló bá kíkà Wáríṣì dé ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀dọ̀ Nááfíì ní Mẹ̀dínà ni Wáríṣì ti kà, ó sì kú ní Íjíbítì ní ọdún 812. Háfísì, tí púpọ̀ nínú àwọn ìwé tuntun ń tẹ̀lé, ọ̀dọ̀ Ásímù ní Kúfà ló ti gbà tirẹ̀. Ilé-ìtẹ̀wé Ọba Fahd ní Mẹ̀dínà, tí wọ́n ṣí ní 1984, ń tẹ méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má fi ẹnu tẹ́ Málàmù níwájú ọmọ. Ẹ lọ kí i, ẹ bi í léèrè èwo ló fi ń kọ́ni. Ní tiwa, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méje, ẹ jẹ́ kó di ọ̀kan mú ná. Tó bá ti dá a mọ̀ láìṣiyèméjì, ẹ wá gbé ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí orin tàn yín jẹ. Ọmọ lè kọ ọ́ láti àlífù dé yáù, kó má mọ ìkankan tí ẹ bá nàka sí i láàárín. Ara lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí àmì tó tẹ̀lé e. Báù, táù àti sáù, ara kan náà ni wọ́n, ó dà bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ya ọkọ̀ náà sórí iyanrìn, ẹ fún un ní ẹ̀wà mẹ́ta: ọ̀kan nísàlẹ̀, báù nìyẹn, méjì lókè, táù, mẹ́ta lókè, sáù. Ọmọ ọdún mẹ́rin á gbádùn rẹ̀ bí eré.

Ní ti ohùn, ahọ́n Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń sọ èdè Ìbàdàn nílé, tó ń pe iṣu ní "isu", á da sínù pọ̀ mọ́ ṣínù. Lẹ́tà lọ́dù ni a sọ di "l" nínú àlùwàlá àti àlùkálì, Haúsá náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́fù àti káfù ni kí ẹ ṣọ́ jù: ẹni tó fi káfù pe "qalb", tí í ṣe ọkàn, ajá ló dárúkọ yẹn.

Tó bá kan kíkọ, ẹ tètè jẹ́ kó mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ láti orí àlífù, kì í di ọwọ́ èyí tó tẹ̀lé wọn mú.

Lóṣù tó ń bọ̀, in ṣáà Allah, a ó mú àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀.