Orúkọ Ta Ni Ọmọ Àgbàtọ́ Yóò Kọ Sílẹ̀?



Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdọọdún ni Ìjọ Mímọ́ ń ṣe ìrántí Jósẹ́fù Mímọ́ Òṣìṣẹ́. Póòpù Pius Kejìlá ni ó dá àjọ̀dún náà sílẹ̀ ní ọdún 1955, kí àwọn tí ń fi òógùn ojú wọn jẹun lè ní alágbàwí tí ó mọ ìnira iṣẹ́ ọwọ́. Àwa tí a ń gbé láàárín Ìkẹjà àti Agége, tí a ń jí lọ sí ilé iṣẹ́ ní Ọba Àkran, ní Ọ̀gbà, ní Agídíngbì àti ní Orégùn, a fẹ́ràn àjọ̀dún yìí púpọ̀.

Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù ní oyè mìíràn tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú lé lórí: alágbàtọ́ ni. Kì í ṣe òun ni ó bí Jésù, síbẹ̀ òun ni ó sọ ọ́ lórúkọ, òun ni ó fún un ní ilé, òun náà ni a gbà pé ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ìyìn Rere Lúùkù sọ fún wa pé nígbà tí Ọmọ náà di ẹni ọdún 12, tí wọ́n wá a tì láàárín èrò tí ń ti Jerúsálẹ́mù bọ̀, Jósẹ́fù àti Màríà yí padà láti wá a, ọjọ́ kẹta ni wọ́n sì tó rí i. Jósẹ́fù kò wí pé ọmọ náà ti tójú bọ́, pé kí ó máa wá ọ̀nà ilé fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dàgbà lọ́wọ́ alágbàtọ́ tàbí ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí, tí wọ́n sì wá rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ fà yọ nínú rẹ̀: owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wá. Ó ń wá ènìyàn kan tí kò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi parí.

1. Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 18

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, àti èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007, pe ẹnikẹ́ni tí kò bá tí ì pé ọdún 18 ní ọmọdé. Kí ọmọ tó dé ọjọ́ orí yẹn, bí kò bá ní òbí, àwọn kan wà tí wọ́n ń gbà á sílé. Ní Ìsọlọ̀, tí kò jìnnà sí wa, Abúlé Àwọn Ọmọdé ti SOS ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún 1973: ìyá kan ní ilé kan, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwọn ìjọ àti àwọn aláàánú mìíràn náà dá ilé irú èyí sílẹ̀ káàkiri Èkó.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún 18, kì í ṣe ọmọdé mọ́ lójú òfin. Ibùsùn tí ó ń sùn sí, ọmọ kékeré mìíràn lè ti máa dúró dè é. A kò lè dá àwọn alábòójútó lẹ́bi. Ẹni tí ó ní àkéte mẹ́wàá kò lè tẹ́ ọmọ ogún sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ní ọjọ́ orí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n sì ń jókòó ṣe ìdánwò JAMB. Ìgbà tí ọmọ tí ó ní òbí ń bẹ̀rẹ̀ sí í ná bàbá rẹ̀ lówó jù lọ, ìgbà náà ni ọmọ àgbàtọ́ di àgbà.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rí ìṣòro yìí. Ní Ìngíláǹdì, òfin ọdún 2000 pàṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ yan olùdámọ̀ràn kan fún ọ̀dọ́ tí ó bá kúrò lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Òfin ọdún 2017 sì mú kí ọ̀dọ́ náà lè máa rí olùdámọ̀ràn yìí títí di ọmọ ọdún 25. Ní Amẹ́ríkà, ètò tí a fi orúkọ aṣòfin John Chafee pè láti ọdún 1999 ní owó ìrànwọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga nínú, tí ó lè tó dọ́là 5,000 lọ́dún. Ẹ kíyè sí i pé òfin Ìngíláǹdì kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí owó. Ènìyàn ni ó yàn. Ohun tí ìjọba ibẹ̀ ń sanwó fún ènìyàn láti ṣe, ìjọ Ọlọ́run lè ṣe é láìgba owó.

2. Ibi tí owó dé, àti ibi tí kò dé

Ẹnìkan lè wí pé, "Ṣé ìjọba kò ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó ni?" Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àjọ NELFUND ni ó sì ń bójú tó o. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé. Owó ẹ̀kọ́ a máa lọ tààrà sọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọmọ náà wà, wọ́n sì ya 20,000 náírà lóṣù sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. A kì í bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí ọdún méjì yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ọmọ náà bá ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Òfin ọdún 2023 béèrè onídùúró. Ti ọdún 2024 mú un kúrò. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò dúró fún un, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ fún gbogbo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a bá mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀lé ọmọ náà dé ibi tí owó kò lè bá a dé. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí a gbé wá sí ilé ìtọ́jú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN kí ó tó forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Wọ́n béèrè ìwé ọjọ́ ìbí. Ta ni ó mọ ọjọ́ tí a bí i? Wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ìlú bàbá wo ni yóò dárúkọ? Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn tí ó tọ́ ọ, ó la gbogbo rẹ̀ já, ó sì yege. Níkẹyìn wọ́n fi fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ lé e lọ́wọ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́, ó sì dé ibi tí a ti ní kí ó kọ orúkọ ẹbí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹlifóònù ẹni náà. Níbẹ̀ ni bírò rẹ̀ dúró.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ibẹ̀ ni a ń wò nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dùbúlẹ̀ àìsàn lóru. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni a ń pè nígbà tí wàhálà bá dé, òun náà ni ó sì ń wọ aṣọ àgbàdá wá sí ayẹyẹ ìgbàwé-ẹ̀rí.

Ìsinmi tún wà níbẹ̀. Nígbà tí sáà bá parí, tí a sì ti ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a di ẹrù wọn lọ sílé. Ọmọ tí ibùsùn rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ńkọ́? Ẹ rántí ọdún 2022, nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn ọmọ tiwa wà nílé, tí wọ́n ń jẹ gààrí wa, tí a sì ń ráhùn. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé ìráhùn yẹn pàápàá, oore-ọ̀fẹ́ ni fún wọn; ó fi hàn pé wọ́n ní ilé. Ọmọbìnrin tí kò ní ibi tí yóò sùn, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un ni yóò tẹ̀lé, ì báà jẹ́ ẹni ibi.

3. Àwa náà, ta ni ó gbà wá?

Ẹ jẹ́ kí a má ṣe rò pé àṣà àjèjì ni à ń sọ. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà, ìjọba yẹn ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀lẹ́kàjà wá láti ìlú jíjìn láti wá iṣẹ́. Ta ni ó gbà wọ́n? Ará ìlú wọn tí ó ti ṣáájú dé ni, tí ó ní yàrá kan ṣoṣo, tí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún wọn láàárín àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ní ilé tiwa lónìí, orí ẹní bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa sì ti wí pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó.

Olúwa wa pa òwe kan fún wa nípa ará Samáríà tí ó rí ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà ṣe léṣe. A máa ń ránti pé ó di ọgbẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e dé ilé èrò. A kì í sábà rántí ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ kejì: ó san owó fàdákà méjì fún onílé èrò, ó sì ṣèlérí pé nígbà tí òun bá padà wá, òun yóò san ìyókù. Ìlérí pé òun yóò padà wá yìí ni ó ya àánú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọrẹ ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó san owó sáà àkọ́kọ́ fún ọmọ àgbàtọ́ ti ṣe dáadáa. Ẹni tí ó padà wá béèrè rẹ̀ ní sáà kejì àti ìkẹta ni ó ṣe bí ará Samáríà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé àgbà olówó ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Frederic Ozanam nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó di Ẹgbẹ́ St Vincent de Paul ní ìlú Paris ní ọdún 1833. Ọmọ ogún ọdún péré ni. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ń lọ sí ilé àwọn òtòṣì fúnra wọn.

4. Ohun tí ọwọ́ wa tó

Ẹ ó wí pé, "Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tèmi pàápàá kò tí ì pé." A gbọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí ìdílé kan ṣoṣo gbé ẹrù yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a lè pín gbé:

Èkíní, orúkọ. Kí ìdílé kan nínú ìjọ gbà pé òun ni a óò kọ sínú fọ́ọ̀mù náà, kí wọ́n sì máa gbé tẹlifóònù nígbà tí ó bá dún.

Èkejì, ibùsùn nígbà ìsinmi. Kí a má ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Kí ó gba ọ̀dọ̀ alábòójútó ilé ìtọ́jú náà àti Fadá wa kọjá, kí a lè mọ irú ilé tí ọmọ ń lọ. Kí a má sì sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Kí ó ṣe iṣẹ́ ilé bí àwọn ọmọ tiwa ti ń ṣe é, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, àjọ. Bí ogún ìdílé bá ń dá 1,000 náírà lọ́sẹ̀, 80,000 náírà ni ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Yóò ra ìwé, yóò san owó ọkọ̀, yóò sì fi oúnjẹ kún èyí tí ẹ̀yáwó ìjọba lè rà.

Ẹ̀kẹrin, àyè ní ilé iṣẹ́. Láti ọdún 1973 ni àjọ ITF ti dá ètò SIWES sílẹ̀, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì sábà máa ń lò níbẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ mọ ọ̀gá kan ni ó ń tètè rí àyè. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ní àgbègbè wa, ẹ lè gba ìwé ọmọ náà wọlé kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀wọ̀. Ẹ má ṣe pè é síwájú ìjọ kí a wá ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Ẹ má sì máa ka oore sí i lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá kùnà nínú ìdánwò. Ọmọ ẹni a máa kùnà, a ó sì ní kí ó tún un ṣe.

5. Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ìdílé

Ta ni ó tẹ́ ẹní fún bàbá tàbí ìyá wa nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Èkó? Ǹjẹ́ àwọn ọmọ wa mọ orúkọ ẹni náà?

Ǹjẹ́ a mọ ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò wa tí ó ti ilé ìtọ́jú jáde, tàbí tí alágbàtọ́ rẹ̀ ti kú, tí ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga? Níbo ni ó wà nígbà ìsinmi tí ó kọjá?

Nínú ohun márùn-ún tí a kà sókè yìí, èwo ni ìdílé wa lè gbé dé òpin láìjáwọ́?

Lẹ́yìn Mísà, kí ìdílé tí ó bá ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹta lọ bá Fadá tàbí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ St Vincent de Paul. Ẹ má ṣe ṣèlérí ju ohun tí ẹ lè mú ṣẹ. Ọmọ tí a ti fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kí a tún fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kí Jósẹ́fù Mímọ́, tí ó yí padà sí Jerúsálẹ́mù láti wá Ọmọ tí a fi sí ìtọ́jú rẹ̀, bá wa bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí ìforítì. Àmín.